Lẹ́tà Tí Mo Fi Ṣe Oge fún Ìyá Àbẹ̀kẹ́

Ẹ gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi. Ẹ tún gbé e súnmọ́ mi sí i. Káàdì ìgbéyàwó lẹ pe èyí? Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ dá ẹ̀mí mi légbodò ni? Mo rí òdòdó, mo rí ẹyẹ, mo rí nǹkan kan tó ń lọ́ kiri bí ìtàkùn elégédé, ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó dà? Ọjọ́ dà? Àyà mi ti ń já báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rí mi tí mò ń làágùn nítorí lẹ́tà, ẹ má rò pé orí arúgbó ti dàrú. Ohun tí ojú mi rí ló ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ jókòó. Ẹ pa fáànù yẹn, ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lónìí, ẹ ó fi ìka kan tẹ fóònù, lẹ́tà á pa àwọ̀ dà bí agẹmọ. Ó tóbi, ó kéré, ó nàró, ó dùbúlẹ̀. Nígbà tiwa, lẹ́tà wúwo. Òjé ni. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, inú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní ojúlé kéékèèké la ti ń ṣà wọ́n, a ó máa tò wọ́n sórí irin tí a fi ọwọ́ òsì dì mú. A ó to gbogbo rẹ̀ ní ìdàkejì, orí ìlà á wà nísàlẹ̀, nítorí ìgbà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ni wọ́n tó ń bọ̀ sípò. Kọ́ńpósítọ̀ là ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, èmi sì ni kọ́ńpósítọ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí Tákíé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira ni mò ń sọ. Ọmọkùnrin tó ti lé ní ogún ọdún dáadáa ni mí, mo sì ti ń wá ìyàwó.

Ẹ̀rọ wa, ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́. Gbàkù, gbàkù, gbàkù, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Àwọn oníṣòwò láti Sábó á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa wò bí ìwé funfun ṣe ń wọlé tó ń jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lára. Kẹrosíìnì la fi ń fọ lẹ́tà tí a bá ti lò tán. Ìyá mi máa ń sọ pé òun ò mọ ìgbà tí òun bí ọmọ fún àtùpà, torí bí mo bá fọwọ́ kan ọbẹ̀, kẹrosíìnì ló ń rùn. Bí ọ̀kadà bá ń pariwo kọjá ní Tákíé báyìí, mo ṣì máa ń dẹ etí bóyá mà á gbọ́ ẹ̀rọ yẹn. Ibi tó wà nígbà náà, wọ́n ń ta káàdì fóònù níbẹ̀ báyìí.

A máa ń sọ lẹ́tà lórúkọ. Àwọn òyìnbó tó ṣe wọ́n kọ orúkọ sára páálí wọn, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ìyẹn? Ọ̀kan wà tó nàró gbọnrangandan, tó hàn ketekete, kò ní ìrù, kò ní yẹtí. Ìyálé là ń pè é, torí òun ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé, ìwé orin ni, ìwé ìsìnkú ni, ìkéde ìjọba ni. Nígbà tó yá, ọ̀gá wa lọ sí Èkó, wọ́n ra òmíràn bọ̀. Háà! Lẹ́tà oge! Lẹ́tà a rẹ̀ wọ́ ìrù nílẹ̀, d rẹ̀ tẹ orí sẹ́yìn bí ẹni wé gèlè, g rẹ̀ ká bí ejò tó ń sùn. Ìyàwó la sọ òun. Láti ọjọ́ tí Ìyàwó ti wọlé, kò sẹ́ni tó tún fẹ́ fọwọ́ kan Ìyálé mọ́, àfi bí ó bá di ìwé ìsìnkú. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí ọkùnrin ṣe ń ṣe.

Àbẹ̀kẹ́ ni ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́. Òun náà ni ìyá àgbà yín tó ń pe orúkọ mi láti ilé ìdáná yẹn, ẹ jẹ́ kó máa pè. Opó ni ìyá rẹ̀, ọṣẹ dúdú ni wọ́n ń ṣe, apá wọn le bí igi emi. Ìgbà tí wọ́n lé ní ọgọ́ta ọdún ni wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ mọ̀wé. Àwọn èèyàn bi wọ́n léèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń kàwé sí mi létí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí n tó kú." Obìnrin mọ́kànlá ni wọ́n kó ara wọn jọ, tíṣà kan ń kọ́ wọn ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Ìwé a-b-d kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, lẹ́tà inú rẹ̀ ga, ó hàn ketekete, àfi bí ọmọ ìyá Ìyálé. Ọdún méjì gbáko ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ fi mọ̀ ọ́n kà.

Bàbá kan wà nínú ìjọ, díákónì ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í bọ́ sílẹ̀. Inú bàbá yìí ò dùn sí kíláàsì náà rárá. Nígbà tí ìkórè ń bọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ pé Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni yóò ka ọ̀rọ̀ ọpẹ́ níwájú ìjọ, díákónì dìde nínú ìpàdé. Wọ́n ní, "Kò burú. Kó kà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá dójú tì wá níwájú àlejò, kíláàsì arúgbó yẹn parí lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ akọrin nílò yàrá." Ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn. Bí ojú obìnrin mọ́kànlá ṣe so rọ̀ mọ́ ojú ẹnìkan nìyẹn.

Ilé ìtẹ̀wé wa ló gba iṣẹ́ ìwé ìkórè yẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Mo ní ọ̀rọ̀ ọpẹ́ Ìyá Àbẹ̀kẹ́ yóò dá wà lójú ewé tirẹ̀, Ìyàwó ni mà á sì fi tò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ̀bùn àna ni. Mo to ìlà mọ́ ìlà, mo fi òdòdó yí i ká. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Ó rẹwà." Èmi náà wò ó, mo ní ó rẹwà. Àwa tí a ń ka lẹ́tà ní ìdàkejì lójoojúmọ́, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ lọ́ ọ tí ojú wa ò ní dá a mọ̀. Kò wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé ojú kan lè wà tó jẹ́ pé ìrísí kan ṣoṣo ló mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé ìwé náà lọ, ọjọ́ Ìsinmi ọ̀tunla ni ìkórè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà." Wọ́n fọ ọṣẹ kúrò lọ́wọ́, wọ́n nu ọwọ́ gbẹ, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n dìde lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí. Wọ́n fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́, ìka náà dúró, ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń rí ètè wọn tó ń mì, ohùn kankan ò jáde.

"Ọmọ mi, èdè wo lèyí?"

"Yorùbá ni, Mà. Ọ̀rọ̀ tí tíṣà kọ gan-an ni."

Wọ́n tún wò ó. "Ó dáa. O ṣé. Ó dára púpọ̀." Wọ́n jókòó sórí àpótí. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, wọ́n wo ògiri. Wọ́n bo tòsì, wọ́n tún wo ògiri.

Àbẹ̀kẹ́ lé mi bá lójúde. "Bọ̀dá, kí lẹ ṣe fún màmá mi? Wọ́n ní ojú àwọn ti fọ́. Wọ́n ní ìwé tí àwọn mọ̀ ti kúrò lórí àwọn."

"Ojú wọn ò fọ́! Lẹ́tà ni!"

"Ẹ lọ sọ fún àwọn fúnra wọn nígbà náà. Ẹ má sọ fún mi."

Mo padà wọlé. Mo rí ìwé a-b-d wọn lórí ẹní, mo rí i tòun ti Ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú mi sì là pé wọn ò jọra rárá. Háà, mo gbé! Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ ṣí ìwé yín, ẹ kà á, ẹ ó rí i pé ojú yín dá." Wọ́n gbọn orí. Wọ́n ní, "Bí mo bá ṣí i tí mi ò rí i kà ńkọ́? Fi mí sílẹ̀, ọmọ mi. O ń tù mí nínú ni." Wọ́n ti ìwé náà sábẹ́ ẹní. Wọ́n ní kí Àbẹ̀kẹ́ wá jókòó, kó máa ka ọ̀rọ̀ ọpẹ́ náà sí àwọn létí kí àwọn há a sórí. Mo jáde síta. Ìyá tó sọ pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa kàwé sí òun létí mọ́, èmi ni mo dá a padà síbẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò fi bírò kọ ọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Wọn ò mọ ìkọ̀wé ọwọ́ kà, ìwé títẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ́. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi pé kí n fi Ìyálé tún un tò. Ọ̀gá ní, "Ìyálé wo?" Wọ́n ti lo gbogbo rẹ̀ tán lára ìwé ìsìnkú ọlọ́rọ̀ kan, ó ti wà ní dídè sínú irin, àwọn ẹbí ò sì tíì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u. Mo fa àpótí Ìyálé jáde. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju q àti x àti z lọ, àwọn tí Yorùbá ò fi ṣe nǹkan kan. Mo bú sẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ni, ọkùnrin bí èmi. Ọ̀gá wò mí títí, wọ́n ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lọ sí Ọ̀yọ́. Bàbá Ràímì atẹ̀wé ní irú lẹ́tà yẹn lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán. Sọ pé èmi ni mo rán ọ."

Àárọ̀ Sátidé ni mo wọ bọ́lẹ́kájà. Bẹ́ńṣì onípákó ni, erùpẹ̀ ojú ọ̀nà ń wọ imú wa, gbogbo abúlé ni dírẹ́bà sì ń dúró sí. Mo ń ka òpó lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń dé Ọ̀yọ́ kí ẹ tó jẹ búrẹ́dì tán, ẹ ò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín.

Bàbá Ràímì ti dàgbà, fìlà funfun, irùngbọ̀n funfun, yíǹkì sì ti wọ èékánná wọn tí kò lè jáde mọ́. Mo kó ẹjọ́ mi kalẹ̀, mo ń retí kí wọ́n ṣí àpótí. Wọ́n na ọwọ́ gba ìwé tí mo tẹ̀, wọ́n wò ó.

"Ta ló to èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ mọ́. Ta ni yóò kà á?"

"Ìyá kan ni, ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta."

"Ìjókòó ni wọ́n ó ti kà á àbí ìdúró?"

"Ìdúró ni, níwájú ìjọ."

"Ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n nígbà náà. Ojú lásán ni wọ́n fi ń tẹ̀lé ìwé àbí ìka?"

"Ìka ni, Bàbá."

"Ìka wo?"

Mo wò wọ́n. Mo wo ìka ara mi.

"Mo ní ìka wo! Ìyá tó ń ṣe ọṣẹ, ṣé ìka ọmọge ló ní? O to ìlà mọ́ ìlà báyìí, bó bá fi ìka sábẹ́ ìlà kìíní, ó ti bo ìkejì mọ́lẹ̀ nìyẹn. Fi àyè sílẹ̀ kí ìka rí ọ̀nà kọjá. Mú òdòdó yìí kúrò, ojú rẹ̀ á máa yà síbẹ̀. O to ìwé fún ara rẹ, o ò tò ó fún ẹni tó máa kà á." Wọ́n wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé ìyá ìyàwó rẹ ni?"

"Bí wọ́n bá ṣì fún mi, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè dá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn dúró, kí n ní sùúrù. Ìrun ọ̀sán kọjá, ìrun alásàárì kọjá, kí wọ́n tó pe Bísímílà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa lẹ́tà fún mi sínú agolo mílíìkì méjì. Nígbà náà, kò sí mọ́tò mọ́. Mo sùn sílé wọn, àfi bí ẹni sùn sórí ẹ̀gún.

Mọ́tò àkọ́kọ́ ni mo wọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Mo gbé agolo méjèèjì mọ́ àyà. A ò tíì kọjá Odò Ọbà dáadáa nígbà tí táyà já sí kòtò, wóó! Agolo kan fò lọ́wọ́ mi, gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ dà sínú agbọ̀n gààrí ìyá kan tó jókòó síwájú mi.

"Yéè! Kí lèyí? Oògùn ni?"

"Lẹ́tà ni, Mà! Lẹ́tà ìwé ni! Ẹ dákun, ẹ má bínú!"

"Lẹ́tà nínú gààrí mi? Ṣé kí àwọn oníbàárà mi máa mu ìwé ni?" Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bú mi ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ gààrí, àwọn ìyá yòókù náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣa òjé bí ẹni ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mo rò pé a rí èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ìyòókù, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e mì.

Agogo àkọ́kọ́ ń dún nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ ní Tákíé. Ọ̀gá ti kó àwọn ìwé yòókù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo to ọ̀rọ̀ ọpẹ́ náà, lẹ́tà ń bọ́, mo ń ṣà á. Mo fi àyè tó fẹ̀ sáàárín ìlà, mo fi àtàǹpàkò ara mi wọ̀n ọ́n. Ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi ìlà atẹ̀wé tó ń sọ ibi tí a ti tẹ ìwé sí i bí òfin ṣe wí, torí ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n lára. Agogo kejì ti dún tipẹ́. Ẹyọ ewé kan ni mo tẹ̀. Mo di etí rẹ̀ méjèèjì mú torí yíǹkì ò tíì gbẹ, mo sì sáré.

Díákónì ni wọ́n wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Aṣọ ìkórè rẹ nìyí?" Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá wọlé, Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti wà lórí ìdúró níwájú. Iṣu àti elégédé wà ní òkìtì-òkìtì lẹ́yìn wọn, wọ́n di ìwé oge mi mú, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ sì ń jáde lẹ́nu wọn geere bí omi. Àwọn àlejò ń mi orí. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi wo ìka wọn, kò kúrò lójú kan. Orí ni wọ́n ti ń pè é. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ àfi Àbẹ̀kẹ́ àtèmi.

Ọkàn mi ní kí n jókòó. Ó ti bọ́ sí i, kí lo tún ń wá? Bí o bá dá a rú ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́. Mo rìn la àárín ìjọ kọjá, tèmi ti yíǹkì àti gààrí lára ṣòkòtò, mo fi ewé náà lé wọn lọ́wọ́, mo sì pa dà sẹ́yìn.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo ìwé náà. Gbogbo ìjọ na ọrùn. Mo gbọ́ tí díákónì hú ikọ́ lẹ́yìn mi, mo ní mo ti tún bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyí, ilẹ̀ ò kúkú lanu.

Ìka wọn gbéra, ó bọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́. Ètè wọn mì. Ojú wọn kúrò lórí ìwé, ó wá mi kiri, ó rí mi, ó padà.

"Ẹ dákun, ẹ̀yin ìjọ," wọ́n ní. "Àkọ́sórí ni mo ń kà fún yín láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kà á."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kì í ṣe geere mọ́. Ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á mí. Ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á padà sí i. Ọmọ kékeré kan sunkún, wọ́n gbé e jáde, wọ́n gbé e padà wọlé, Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ò tíì dé ìdajì. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo wo àwọn ìyá mẹ́wàá yòókù lórí bẹ́ńṣì wọn, ètè gbogbo wọn ń mì pẹ̀lú tirẹ̀. Mo wo díákónì. Wọ́n ti ṣí fìlà wọn tí wọ́n dì mú lọ́wọ́, wọ́n ń fún un pọ̀, àfi bíi pé àwọn gan-an ni wọ́n ń kà á.

Ó parí. Ìjọ ké "Àmín!" Mo rò pé wọ́n á jókòó. Ìka wọn ò kúrò. Ìlà kan kù nísàlẹ̀, ìlà tèmi, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kà láyé.

"A... tẹ... ìwé... yìí... ní... Tákíé... Ògbómọ̀ṣọ́."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ò wo ẹnikẹ́ni. Wọ́n yí ewé náà padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan ṣì kù.